Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Ni Kí A Dá Padà, Kì í Ṣe Èdè

Àwọn àgbà a máa wí pé, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kì í sábà bèèrè: nígbà tí onílé bá ń re ilé, kí ni ó ń gbé bọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fi ọ̀sẹ̀ méjì palẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ ìlọ, a ó sì fi ìkánjú àti ariwo ba ọjọ́ àbọ̀ jẹ́. Èrò tiwa ni pé ọjọ́ àbọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù, pàápàá fún bàbá àti ìyá tí ó kó ọmọ lọ sí àjò. Nítorí ní ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ni ìrìn-àjò náà tàbí afẹ́ lásán. Ohun tí ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ fi tó yín létí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àbúrò wa ọkùnrin, tí ó ń gbé ní Liverpool pẹ̀lú aya àti ọmọ mẹ́ta, pè wá láti bá wọn lo ìsinmi ọjọ́ méje ní ilẹ̀ Wales. Wọn kò gba yàrá ní ilé àlejò. Ọkọ̀ ni wọ́n yá, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní campervan: ọkọ̀ ni, ilé sì ni. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóófù onígáàsì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi ìfọwọ́, àti tábìlì kan tí a ń tẹ́ mọ́lẹ̀ ní alẹ́ kí ó lè di ibùsùn. Nítorí pé kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ àti ìyàwó ilé jọ sùn nínú yàrá kan ṣoṣo, a so àgọ́ aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, níbẹ̀ ni àwa àti àwọn ọmọkùnrin méjì ń sùn. Ẹni tí ó bá ń ka Ìwé Mímọ́ yóò rántí Àjọ Àgọ́ ti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, tí wọ́n a fi ilé wọn sílẹ̀ láti gbé inú àgọ́ fún ọjọ́ méje, kí ìran tí ń bọ̀ lè mọ irú ọ̀nà tí àwọn bàbá wọn tọ̀. Ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe ọjọ́ ìtúká lásán fún wọn. Àpéjọ mímọ́ ni.

Àwọn ọmọ àbúrò wa gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá bá wọn sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní, a bẹ òbí wọn kí wọ́n jẹ́ kí a ṣe òfin kan: bí ẹnikẹ́ni bá wà ní òde, kí ó sọ èdè tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn ọkọ̀ ilé náà, Yorùbá ni. Ọjọ́ náà parọ́rọ́ bí ilé tí a ti ń ṣọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìka ni wọ́n fi ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, àkọ́bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì jà nítorí ibi ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Yorùbá ni wọ́n sì fi jà. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe pé òfin wa ní agbára. Ọkọ̀ náà ni ó kéré. Ní ilé wọn ní Liverpool, olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀ àti fóònù tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí tí ẹnìkejì kò ní bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìkẹyìn dé. Òjò ti ń pa àgọ́ wa láti òru. Níwájú wa ni Llyn Tegid wà, adágún tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn adágún àdáyébá ilẹ̀ Wales, létí ìlú Bala, kùrukùru sì bò ó. A ní láti kúrò ní pápá àgọ́ náà kí aago mọ́kànlá tó lù, kí a sì dá ọkọ̀ padà ní Liverpool kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó kọjá. Iṣẹ́ pọ̀: kí a ká àgọ́ tí omi ti mu, kí a da omi ìdọ̀tí nù, kí a lọ fọ agolo ìgbọ̀nsẹ̀ ní ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún un, kí a pa gáàsì, kí a gbá ilẹ̀, kí a sì ka ṣíbí, nítorí iye tí a gbà ni a ó dá padà. Ìkánjú wọ inú ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé ìkánjú wọlé. Bàbá wọn gan-an ni ó kọ́kọ́ rú òfin: ó fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ ọmọ tí ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi jẹ́ pé àwa nìkan ni a ṣì ń sọ Yorùbá.

A bá àbúrò wa wí níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tí kò yẹ. Kò fèsì nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa méjèèjì jọ ń fún omi kúrò lára aṣọ àgọ́, ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń jáde lẹ́nu mi. Ilé-ìwé yín ni mo ti kọ́ ọ.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, nítorí òtítọ́ ni. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ, àbúrò wa yìí wà lára àwọn ọmọ tí a ń kọ́. Àwa ni a ń kọ orúkọ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àwa ni a ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sì ní owó, àwa ni a ń so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. A kò yọ ọmọ ìyá wa sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà wí pé a ń ṣe ojúsàájú. Ní ìrọ̀lẹ́, àwa olùkọ́ a sì jókòó, a ó máa fi Yorùbá ka owó ìtanràn náà. Kò sí ẹni tí ó rò ó nínú wa pé ohun tí a ń ṣe burú. A gbà pé a ń la ojú àwọn ọmọ ni.

Ibi tí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ó túbọ̀ wúwo. Àwọn ará Wales mọ pátákó náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọn, igi pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè Wales. Welsh Not ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà yóò máa ṣọ́ ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ̀, kí ó lè gbé igi náà fún un. Ẹni tí igi bá wà lọ́rùn rẹ̀ ní ìparí ọjọ́ ni ó ń jẹ pàṣán. Olùkọ́ tí ó ń so igi náà mọ́ wọn lọ́rùn, lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ Wales ni òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí: ẹni tí ó ń já èdè gbà lẹ́nu ọmọ kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, olùkọ́ rẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ tí ń kánjú ni.

Nígbà tí a parí ẹrù, a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún wa ní wákàtí kan péré. A yà sí Llanycil, ní etí adágún náà, ibi tí a sin Thomas Charles, àlùfáà ìlú Bala, sí. Nínú ilé ìjọsìn àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni a ti ń sọ ìtàn Mary Jones fún àlejò. Ọmọ ahunṣọ ni. Ní ọdún 1800, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó rin nǹkan bí máìlì 26 láti abúlé rẹ̀ wá sí Bala, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, láti wá ra Bíbélì ní èdè ara rẹ̀ lọ́wọ́ Thomas Charles, pẹ̀lú owó tí ó ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́fà. Ẹ kíyè sí i pé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó wá rà. Bíbélì ti wà ní èdè Wales láti ọdún 1588. Èyí tí a tẹ̀ ni kò tó kárí. Àìtó yìí ni Thomas Charles gbé lọ sí iwájú àwọn onígbàgbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, láti inú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sì ti dá Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Bìrìtìkó àti ti ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ ní 1804.

Níbẹ̀ ni a ti sọ fún àwọn ọmọ pé Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó tẹ Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Ọmọ ọdún méje, àbíkẹ́yìn wọn, wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ṣé òjò rọ̀ nígbà tí ó ń rìn?” A dáhùn pé a kò mọ̀. Nígbà náà ni a rí i pé Yorùbá ni ó fi bèèrè, àti pé a kò sí nínú ọkọ̀.

Àwọn ará àgbègbè Bala mọ ohun tí àdánù èdè jẹ́. Ní máìlì díẹ̀ sí ìlú náà ni àfonífojì Tryweryn wà, níbi tí abúlé Capel Celyn wà rí. Ìgbìmọ̀ ìlú Liverpool fẹ́ ibi tí wọn yóò gbé omi jọ sí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi àṣẹ sí i ní 1957, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aṣojú Wales kan tí ó fi ọwọ́ sí i. Ní 1965 omi bo ilé, ilé-ìwé, ilé ìjọsìn, àti abúlé tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ ń sọ èdè Wales. Ní 2005 ni Liverpool tọrọ àforíjì. A ti wo omi náà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Nígbà tí a ń kúrò ní Llanycil, àkọ́bí bi bàbá rẹ̀ pé ṣé nítorí omi tí àwọn ń mu nílé ni wọ́n ṣe lé àwọn ènìyàn náà. Bàbá rẹ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dákẹ́. Àwa rò ó pé àwọn ará Capel Celyn mọ ọjọ́ tí omi dé, wọ́n sì pariwo. Ṣùgbọ́n omi tí ń bo ilé tiwa kò ní ariwo: láti inú yàrá ìjókòó ni ó ti ń sun, díẹ̀díẹ̀, onílé a sì máa kí i káàbọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ, pé ọmọ tí kò gbọ́ ọ yóò jìyà. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé ọmọ kò lè gbọ́ méjì? Ní ìlú Bala, obìnrin tí ó gba owó pápá lọ́wọ́ wa bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó já geere. Ó yí padà, ó sì fi èdè Wales rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Kò pàdánù owó wa nítorí èdè rẹ̀. Irú èyí kò ṣàdédé wá. Ní 1939, Ifan ab Owen Edwards, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Llanuwchllyn wá ní orí adágún yìí, dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a fi èdè Wales ń kọ́ni sílẹ̀ ní Aberystwyth. Ọmọ méje péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ ogun náà kò tíì parí: nínú ìkànìyàn 2021, nǹkan bí 538,000 ènìyàn, èyí tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn, ni ó wí pé àwọn gbọ́ ọ sọ, iye náà sì dín sí ti 2011. Bí èdè àwọn tí ó jà fitafita bá ṣì ń dín, kí ni a ó sọ nípa àwa tí a kò tíì gbé ọwọ́ sókè?

Ẹ má sì wí pé púpọ̀ ni wá. A kò ní ìdánilójú lọ́wọ́ ìjọba. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi iṣẹ́ ìdánwò wọn hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í rẹ̀yìn, ìbá à ṣe nínú ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà wọ̀nyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ohun tí a fi ìwé fúnni, ìwé lè gbà á padà. Ibi tí ìwé ìjọba kò dé ni orí tábìlì oúnjẹ.

A gbéra lọ sí Liverpool. Láti 2023, máìlì 20 ní wákàtí kan ni òfin fi lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ títì inú ìlú ní Wales, nítorí náà àwọn ọmọ ní àyè láti ka ohun tí a kọ sí ojú ọ̀nà. ARAF ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ rọra. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, àbíkẹ́yìn a máa ké e bí ó bá ti rí i, àwọn yòókù a sì dáhùn pé, “Ẹ rọra o!” A kọjá Ruthin, a kọjá Mold, ó ń ké e. Nígbà tí a wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wo ojú ọ̀nà títí. Kò rí i mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi sùn.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbà á lọ́wọ́ wa kí aago mẹ́rin tó lù. Ó ka ṣíbí, ó ka àwo, ó wo epo, ó tẹ ibùsùn wò. Ohun gbogbo pé. Bí àbúrò wa ti na ọwọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i, àbíkẹ́yìn fa aṣọ wa, ó wí ní Yorùbá tí ó mọ́ gaara pé, “Bàbá, ṣé a lè padà máa sọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí?”

Ẹ̀yin ọlọ́lá, gbogbo ohun tí a ní láti sọ wà nínú ìbéèrè ọmọ náà. Ó rò pé ara ọkọ̀ tí a yá ni Yorùbá, pé bí a ti ń dá ṣíbí padà ni a ó dá a padà. Ta ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Àwa ni. A fi èdè wa ṣe ohun ìsinmi, ohun ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìsìnkú, a sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun òòjọ́. Nítorí náà ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a fi síwájú yín.

Ìkínní, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá kó ìdílé rẹ̀ lọ sí àjò, ìbá à ṣe nínú ọkọ̀ ilé tàbí ní ilé àlejò, má ṣe fi ọjọ́ ìkẹyìn fún ìkánjú. Kí ó di ẹrù ní àná ọjọ́ náà. Kí ó fi wákàtí kan sílẹ̀ tí olúkúlùkù ọmọ yóò fi sọ, ní èdè baba rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ni ó ń di tirẹ̀.

Ìkejì, kí òfin tí ó ṣeé ṣe nínú ọkọ̀ rí ibi kan dúró sí nínú ilé. Kí ó má jẹ́ gbogbo ilé ní ọjọ́ kan, kí ó má baà di ìjà. Kí ó jẹ́ tábìlì kan, àti oúnjẹ kan lójúmọ́.

Ìkẹta, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin àgbà ilé, ní oṣù Kejìlá àwọn ọmọ wa a máa wá láti òkè òkun. Ẹ má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì pàdé wọn ní ẹnu ọ̀nà láti fi hàn pé ẹ̀yin náà kàwé. Ẹ fi oríkì pàdé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ pè, kí ẹnikẹ́ni má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nítorí ẹ̀rín wa ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ padà sínú Gẹ̀ẹ́sì ju pàṣán lọ. Kí ọjọ́ tí wọn yóò padà sì tó pé, ẹ pè wọ́n jókòó, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn dágbére fún yín.

Kí ni a dá ọmọ náà lóhùn? Bàbá rẹ̀ ni ó dáhùn, kì í ṣe àwa. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ó ní, “Ọkọ̀ ni oníǹkan gbà. Èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ, tìrẹ ni.” A kò ní purọ́ fún yín pé láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti dára. A gbọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé wa pé oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni òfin náà ṣì ń jọba. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú méje ni. Ṣùgbọ́n ọmọ méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Aberystwyth. Ní ti àwa tí a gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àbúrò wa nígbà kan, a kò mọ ọ̀nà tí a lè gbà san án padà fún un, bí kò ṣe pé kí a máa kọ irú ìwé báyìí, kí àwọn olùkọ́ tí a ń kọ́ lónìí má baà jẹ irú gbèsè wa. Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́.